Aṣọ Ọyẹ́ tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Kòmí

Akúwà, ọmọ ọmọ mi, ní fírígò ńlá kan tó fi ń ta omi dídì fún àwọn awakọ̀ létí títì níbí ní Datcha. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yọ okùn iná rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì ń fi ṣíbí ha ohun funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án wò, ó ń jó ni bí iná." Mo wò ó títí ó fi di omi ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, n kò sì jẹun títí di ọ̀sán. Ẹ̀yin ọmọ bi mí ohun tó ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa. Ẹni tó ti dàgbà tó mi, irọ́ kékeré ò yẹ ẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó tóbi fún yín, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé arúgbó ń ṣì sọ.

Ẹ̀yin ò mọ ọyẹ́. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ló rí. Èyí tó ń fẹ́ nísinsìnyí, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó fa kúbúsù tó ti Ṣáínà wá bo orí, ó parí. Nígbà tiwa, ọyẹ́ a máa wọ Datcha bí àna ẹni: gbogbo ilé ni yóò mọ̀ pé ó ti dé. Igbá tó wà lórí àjà á ya fúnra rẹ̀, gbàù, àwọn ọmọdé á fò sókè. Àwọn òkè Atakpamé tí à ń rí láti oko á sọnù sínú eruku fún ọjọ́ mélòó kan, a ó ní wọ́n lọ kí àwọn ará wọn. Àwọn ìyá á máa fi òrí ra ọmọ lára bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ní agboolé ni í dá iná, àwọn tó kù á yí i ká, àwọn àgbà ní ìhà tí èéfín kì í lọ, àwa ọmọdé ní ìhà tí èéfín ń lọ.

Ibi iná bẹ́ẹ̀ ni Kòmí ti jó fìlà bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó fẹ́ kí fìlà náà gbóná kí bàbá tó dé e. Bàbá rẹ̀ gbé fìlà sókè, ó wo ojú ọ̀run láti inú ihò tó wà láàárín rẹ̀, ó ní, "Kòmí, o ṣeun. Òtútù ti rí ọ̀nà jáde báyìí." A rẹ́rìn-ín títí iná fi kú.

Kòmí yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Ìyá rẹ̀ là ń pè ní Ìyá Afí. Afí ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó kú ní kékeré, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò kúrò lára ìyá. Kòmí nìkan ló kù fún un. Èmi àti Kòmí la jọ jẹun nínú àwo kan, la jọ jẹ pàṣán kan, la sì jọ ti orí igi kan náà já bọ́.

Ohùn ọyẹ́ nígbà náà ni ohùn ìrànwú. Tí òwú bá ti kúrò lóko, àwọn obìnrin á jókòó sí oòrùn òwúrọ̀, wọn á fi eérú kan ìka, wọn á máa yí ìrànwú nínú àkúfọ́ igbá, á máa dún hùù, hùù, bí oyin tó ń ronú. Àwọn ọkùnrin tó ń hun aṣọ lábẹ́ igi á máa dá wọn lóhùn, kẹ́tẹ́, kẹ́tẹ́, kẹ́tẹ́. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ lè di ojú, kí ó fi etí mọ ilé ẹni tó dé. Lónìí tí mo bá ń ti oko bọ̀, ariwo alùpùpù àwọn zémíjàn tó ń gbé èrò lọ sí Atakpamé ni mò ń gbọ́. Mi ò ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ wọn o. Èmi náà ń gùn ún.

Àṣà kan wà tó ti kú pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe é. Bí ọmọ bá fẹ́ rin ìrìn àjò jíjìn, ìyá rẹ̀ á mú fọ́nrán òwú tó fúnra rẹ̀ ran, á fi wọn ọmọ náà láti àtàrí dé gìgísẹ̀, á ta á ní kókó, á fi pamọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà tí ọmọ náà bá fi wà lájò, ìyá á ran ìrànwú kan. Tí òwú bá pọ̀ tó, wọn á hun ún ní aṣọ ọyẹ́ tó ki, tó gùn tó ọmọ náà gẹ́lẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò sì gbọ́dọ̀ lé. A kì í ta aṣọ bẹ́ẹ̀. A kì í fi tọrẹ. Tí ọmọ bá dé, á bá a nílé. Tí kò bá tíì dé, wọn á wá ẹni tó ń lọ sọ́nà ibẹ̀, wọn á fi rán an. Ẹni tó bá fi í bora, gbogbo ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń retí rẹ̀ ló fi bora yẹn.

Ìyá Afí wọn Kòmí nígbà tí èmi àti òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lóko kòkó ní ilẹ̀ Gáná. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Tógò ni, a ṣì ń kọ orin rẹ̀ lẹ́nu, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń wá ibi tí wọ́n á gbà lọ. Kòmí ga. Ó ga débi pé ìyá rẹ̀ ní láti gun orí odó tó dojú dé kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó àtàrí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó wo èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyá tìrẹ ò ní pẹ́ parí iṣẹ́." Mo kúrú nígbà náà, mo kúrú títí di òní.

A lo ọdún méjì lóko. Olóko náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lù wá bí ẹni ń sọ òkò. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ níbẹ̀ ò ju pé kí n wá, kí n gbé e, kí n yára, ó dọ̀la, àti orúkọ àwọn nǹkan tí ojú ń rí. Bàbá mi kú, mo padà wálé. Kòmí ní òun ò tíì rí ohun tí òun wá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Tàkòràdí níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń dúró sí, nígbà tó yá a gbọ́ pé ọkọ̀ ti gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Datcha, Faransé ni ẹni tó bá lọ ilé-ìwé ń sọ. Mo ti ṣe ọdún mẹ́ta ní ilé-ìwé àwọn Fadá, mo lè pe ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú bàbá mi, mo ti mu díẹ̀, mo to gbogbo Gẹ̀ẹ́sì oko kòkó tẹ̀léra wọn láìmí, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà wọn ò pe orúkọ mi mọ́. "Gẹ̀ẹ́sì, ṣé o jí?" "Gẹ̀ẹ́sì, wá jẹun." Orúkọ náà dùn, ẹ̀yin ọmọ. Kò sí orúkọ tó dùn bí èyí tí a ò ṣiṣẹ́ fún.

Lẹ́tà Kòmí dé nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ. Kòmí ò mọ ìwé. Ẹnì kan nínú ilé tó ń gbé lọ́hùn-ún ló bá a kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni onítọ̀hún sì gbọ́. Ìyá Afí gbé e wá bá mi nínú igbá tó ní ìdérí, bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn obìnrin tó ń ran òwú gbé àpótí wọn tẹ̀lé e.

"Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ rẹ dé," ni ó wí. "Ọmọ mi ń pè mí nínú ìwé, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí."

Mo ṣí i. Ojú ewé kan péré ni. Mo rí orúkọ Kòmí. Mo rí Mama. Mo rí òwúrọ̀, mo rí funfun, mo rí ilẹ̀, mo rí aṣọ. Ìwọ̀nyí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan jókòó sí àárín wọn, lẹ́tà márùn-ún, frost, ó tún padà wá nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí àlejò tí a ò fún ní ìjókòó. Mo pè é sókè: fúrọ́ọ̀sì.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá Afí béèrè.

Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, mo sì mọ ẹni tí mo lè bi ní Atakpamé. Ṣùgbọ́n ojú wọn wà lára mi, gbogbo wọn ń dúró de Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbé ojú kúrò lórí ìwé, mo wo iwájú, ojú mi sì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Ní ilé Ìyá Afí wọn ò tíì gba ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bá àwọn baba ńlá wọn sọ̀rọ̀, wọn á po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ omi nínú igbá, wọn á dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀, kí ọkàn àwọn tó ti lọ lè rọ̀, kí ti àwọn tó wà náà lè rọ̀. Tí oòrùn bá ti mu omi rẹ̀ tán, ilẹ̀ á ku funfun. Wọ́n ti ṣe é ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Funfun náà ṣì wà nílẹ̀. Òwúrọ̀, funfun, ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé lójú mi.

"Omi ìyẹ̀fun ni," ni mo wí. "Kòmí ní níbi tí òun wà, gbogbo òwúrọ̀ ni àwọn òyìnbó ń da omi ìyẹ̀fun sílẹ̀, tí ilẹ̀ á funfun káàkiri. Ó ní òun rántí Mama. Ó ní òun rántí aṣọ tí Mama ń ran òwú rẹ̀."

"Àwọn òyìnbó náà?" ni obìnrin kan wí. "Àwọn tí Fadá wọn ní ká jáwọ́ nínú rẹ̀?"

"Ẹ ò rí i," ni òmíràn dáhùn. "Wọ́n ní ká má jẹ ẹ́, wọ́n lọ ń jẹ ẹ́ nílé."

"Gbogbo òwúrọ̀? Àgbàdo wọn mà pọ̀ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Afí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi ti dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Nígbà náà, ọmọ mi wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ nǹkan. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọ́n ń dà á síwájú rẹ̀." Láti ọjọ́ kejì, kò dúró de ọjọ́ ìbọ mọ́. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń da omi ìyẹ̀fun lẹ́nu ọ̀nà, kí òun àti àwọn tó gba ọmọ òun sílé lè jọ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn èyí tí Fadá tó wà ní Atakpamé kéde pé òun ń lọ sinmi nílé, pé ẹni tó bá ní ọmọ lókè òkun kí ó mú ẹrù tí kò wúwo wá, kí ó mú lẹ́tà ọmọ náà dání kí òun lè rí ibi tó ń gbé. Aṣọ Kòmí ti parí ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ó ki bí awọ, ó funfun, wọ́n fi òwú pupa gba etí rẹ̀ kan, kí ẹ̀gbẹ́ orí má baà di ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Ìyá Afí ní, "Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ká fi ránṣẹ́?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó. Ohun tí mò ń rò ni pé tí Fadá bá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kà á. Fadá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Atakpamé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, mẹ́tírì là ń pe irú wọn, Ìdòwú lorúkọ rẹ̀, ọmọ àdúgbò Agbonou, tó ti kàwé ní Gáná. Mo ti da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí àjákù ìwé. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ta ló kọ èyí sí ọ?"

"Mo rí i nínú ìwé kan ni, mẹ́tírì."

"Ìrì ni," ni ó wí. "Ìrì òwúrọ̀, nígbà tí òtútù bá mú débi pé ó di líle lórí koríko àti lórí ilẹ̀, tó funfun bí iyọ̀. Ọyẹ́ wa yìí ò lè ṣe é. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni tí ò bá ní aṣọ tó ki, ìka á kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àyà rẹ̀ á bàjẹ́." Ó tún rò ó díẹ̀, ó fẹ́ràn kí ó kọ́ni. "Wọ́n ń lò ó fún ènìyàn pẹ̀lú. Tí o bá kí ẹnì kan, tó dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ò tú ká sí ọ, wọ́n lè ní irú rẹ̀ bọ́ sórí ìdáhùn náà. Ṣé ó yé ọ?"

Mo ní ó yé mi. Ó yé mi jù. Mo ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà, lẹ́tà náà ń ka ara rẹ̀ sí mi létí, ọ̀rọ̀ kan ń fa èkejì lọ́wọ́. Gbogbo òwúrọ̀ ni ìrì dídì ń bẹ nílẹ̀. Ilẹ̀ funfun. Ó ti wọ òun lára. Kí Mama fi aṣọ náà ránṣẹ́.

Mo to ohun tí màá sọ. Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, màá ní, "Ìyá, mo ṣì í, òtútù ló ń mú Kòmí." Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni irọ́ náà, kò tíì hu eyín. Wọn á fi mí ṣẹ̀sín, wọn á gba orúkọ wọn lọ́wọ́ mi, aṣọ á sì lọ. Títí mo fi rí òrùlé ilé wa, ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́ bí ẹ bá lè gbà mí gbọ́.

Àfi bí mo ṣe dé tí mo bá èrò. Àbúrò Ìyá Afí ti ti Moretan wá, àwọn obìnrin kún iwájú ilé, aṣọ náà wà lórí ẹní. Ìyá Afí dìde fún mi. Àgbà bẹ́ẹ̀ dìde fún mi, ó fi aṣọ rẹ̀ nu àpótí kí n lè jókòó. Ó ní, "Ẹni tó ń bá mi gbọ́ ohùn ọmọ mi rèé."

Àbúrò rẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀. Kò pẹ́ wò. "Ìwọ lo ní òyìnbó ń da omi ìyẹ̀fun?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Èmi ò gbà á gbọ́. Mo ti bá òyìnbó gbé ní Moretan, ẹni tí kì í da omi fún adìẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí Fadá ka ìwé náà. Ọ̀rọ̀ Gáná ti pọ̀ jù lẹ́nu ọmọ yìí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí fún mi nìyẹn, kí n gba ibẹ̀ jáde. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n Ìyá Afí ti ṣíwájú mi sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

"Má ṣe bú u níwájú mi. Òun àti Kòmí jẹun nínú àwo kan. Tó bá purọ́ fún gbogbo ayé, kò ní purọ́ fún mi." Ó yíjú sí mi. "Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún un. Ṣé kí n mú aṣọ náà lọ fún Fadá, àbí kí n má mú un lọ?"

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Wọn ò sọ pé ikú ta ni. Mo ní, "Ìyá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, aṣọ ò wọ́n níbẹ̀. Kòmí ní òun rántí rẹ̀ ni. Kò ní kí ẹ fi ránṣẹ́."

Ó ká aṣọ náà ní mẹ́rin, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń ra ọmọ lẹ́yìn. Mo rò pé yóò gbé e wọlé. Itan mi ló gbé e lé.

"Fi bora," ni ó wí. "Ẹnu rẹ ni Kòmí fi ń bá mi sọ̀rọ̀."

Mo ti sọ fún yín pé a kì í fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tọrẹ. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Àbúrò rẹ̀ bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sì gbà á, mo dúpẹ́, mo gbé e wọlé.

Mo fi Faransé kọ ìdáhùn sí Kòmí, ìlà mẹ́ta: Mama wà, ó ń kí ọ, ọlá rẹ ni à ń jẹ. Lẹ́tà kejì dé ní ọyẹ́ tó tẹ̀lé e. Ó kúrú. Ọ̀rọ̀ náà tún wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀. Mo ní Kòmí kí gbogbo ilé. Ẹ̀kẹta ò wá.

Lẹ́yìn èyí, ohun tí mẹ́tírì kọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ lára èmi fúnra mi. Tí Ìyá Afí bá kí mi, mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n ojú mi ò tú ká sí i. Mo ń gba ẹ̀yìn ilé lọ sí oko kí n má baà rí i pẹ̀lú igbá rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó rò pé ìgbéraga ni, ó sì dárí jì mí fún ìyẹn. Gbogbo ọdún iṣu tuntun, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń jó lórí igi gíga tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀, tí gbogbo ìlú ti kún fún ariwo, ó ń gba àárín èrò wá gbé iṣu tó sè sí mi lọ́wọ́, èyí tó ṣẹ́ kù fún Kòmí. Mo ń jẹ ẹ́. Ní ọyẹ́, mo ń fi aṣọ náà bora. Ó gùn jù mí lọ, èyí tó lé a máa ká jọ sí mi nídìí ẹsẹ̀ bí ajá tó sùn. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi gbé e jù síbì kan. Òtútù ń mú mi ni.

Nígbà tí ara Ìyá Afí ò gbé e mọ́, ó ń jókòó da omi ìyẹ̀fun náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó kú, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì, bá mi máa dà á lọ títí yóò fi dé." Mo ní màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín.

Kòmí padà wá nígbà tí orí àwa méjèèjì ti funfun. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ò ká mọ́. Ó ń wúkọ́ bí ẹni ń fi àáké la igi, díẹ̀díẹ̀, láìsinmi. Ó tún yàrá kan ṣe nínú ilé ìyá rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀. A ń jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Mo rí lẹ́tà rẹ nígbà náà. Wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Faransé, ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ó wò ó bóyá ọ̀rọ̀ aṣọ wà nísàlẹ̀. Ó ní kò sí." Ó wúkọ́ tán. "Mo rò pé Mama ń bínú pé mo lọ jìnnà."

Ẹ wo ẹnu mi. Ẹnu tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Kò bínú sí ọ rí." Mi ò fi ohunkóhun kún un.

Ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀yin náà rántí rẹ̀, ó wá pẹ̀lú agbára bíi ti àtijọ́. Kòmí dùbúlẹ̀. Akúwà mú kúbúsù wá fún un, Kòmí ní ó fúyẹ́ jù, pé òun ń gbọ̀n síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí àpótí mi, mo gbé aṣọ náà kọjá lọ síwájú ilé wọn. Mo fi bò ó. Mo fi etí pupa sí apá orí bó ṣe yẹ.

Ó fi ìka tó ṣì ń ká wá òwú pupa náà kàn. Ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n lójú. Aṣọ náà dé e lẹ́sẹ̀ gẹ́lẹ́, kò dín, kò lé.

"Níbo lo ti rí i?"

"Mama ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀," ni mo wí. Ẹ̀yin ọmọ, mo tún ṣe é. Ojú ikú là wà, mo tún ṣe é.

Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lórí aṣọ náà lọ sísàlẹ̀, ó dé itan rẹ̀, ó dúró. Ibẹ̀ ni aṣọ náà ti gbó, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ihò méjì ti fẹ́ yọ, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni orúnkún mi ti ń gbé láti ìgbà yẹn wá.

"Ẹni tó bá mi tọ́jú rẹ̀ kúrú," ni Kòmí wí.

Mo rò pé yóò ṣí i dà nù lára. Ó fà á dé ọrùn. Ó yí ojú sí ògiri. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà la sin ín nínú rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ju pé kí n fún òun lómi.

Ohun tó fà á nìyí tí mo fi dìde kúrò nídìí fírígò. Ohun tí mo pè ní ìyẹ̀fun lójú gbogbo ènìyàn, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án láyé mi.

Ẹ ti ń bi ara yín léèrè ohun tí mò ń lọ ṣe ní gbogbo òwúrọ̀ níwájú ilé Ìyá Afí, èmi àti igbá omi ìyẹ̀fun, èmi tí mo gba ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Akúwà ti rò pé mo ti yà sínú ẹ̀sìn wọn, catechist tó ń kọ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé àdúrà kọ́. Mo ń da omi náà sílẹ̀ kí Ìyá Afí lè mọ̀ pé èmi ni mo dé. Lẹ́yìn náà mo ń ka lẹ́tà náà fún un bí ó ti wà: "Ìyá, òtútù ń mú Kòmí. Ó ní kí ẹ fi aṣọ òun ránṣẹ́."